Òórùn Epo Nínú Ọgbà: Bí A Ṣe Ń Wá Ihò Tí Ojú Kò Rí

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a ó sọ lójú ewé yìí lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì tó kú tàbí táyà tó bẹ́. Ọ̀rọ̀ ihò kan ni, tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ owó Iléyá wa tán, tí ì bá sì ṣe ohun tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ bí kò bá ṣe àánú Ọlọ́hun.

Àdúgbò Jikpan, ní ìlú Minna, ni ìdílé wa ń gbé. Ọgbà wa kò fẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìdáná ni ọkọ̀ wa máa ń sùn nígbà náà, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ sí ibi tí ìyá àwọn ọmọ ti ń dáná èédú bí gáàsì bá tán. Ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ni, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó o wá. Òun ló ń gbé àwọn ọmọ lọ sí iléèwé àti ilé kéwú. Òun náà ló ń gbé gbogbo wa lọ sí Ìlọrin fún Iléyá, tí a ó gba Bida àti Mokwa, títí a ó fi sọdá odò Ọya ní Jẹ́bà.

Nígbà tí Iléyá kan ku nǹkan bí oṣù méjì, iná kékeré aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ya àwòrán ẹ́ńjìnnì sí tàn níwájú mi. Ọkọ̀ kò gbọ̀n, kò gbóná, kò sì yí ìrìn padà. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ó ki ẹ̀rọ sikánà bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní P0442 ló jáde, ó tẹ bọ́tìnnì, iná sì kú. Mo sanwó, mo dúpẹ́, mo bá tèmi lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iná tún tàn. Mo padà lọ, ó tún pa á. Nígbà kẹta, ó ní agolo èédú tó wà nítòsí táǹkì ló ti bàjẹ́, àti fáàfù tó ń bá a ṣiṣẹ́, pé kí n mú owó wá kí òun ra tòkúnbọ̀ méjèèjì. Iye tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó àgbò. A ra fáàfù ná. Iná tún tàn.

Imú ìyàwó mi ló là mí lójú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń ti ìrun Àsùbáà bọ̀, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ìṣáná lọ́wọ́, kò ṣá a. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ wá gbọ́ òórùn yìí. Epo ni. Ẹ̀rù ń bà mí láti ṣáná níbí." Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí ó ti ń gbọ́ ọ; jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló rò pé ó ń fà á. Ìgbà náà ló tó yé mi pé ohun kan náà ni iná inú ọkọ̀ ń sọ fún mi láti ìgbà yìí, tí mo sì ń sanwó fún ẹni tí yóò pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mọ irú ohun tí à ń bá ṣeré. Epo bẹntiróòlù tó dà bí omi nínú táǹkì kọ́ ló ń gbaná. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ ni. Kò sí òtútù kan ní ilẹ̀ wa tó lè dá afẹ́fẹ́ yìí dúró kí ó má jáde. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà kì í gòkè lọ. Ilẹ̀ ló máa ń fà lé, tí yóò máa rìn lọ títí yóò fi pàdé iná. Bí ó bá ti tó nǹkan bí 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tó wà níbì kan, ẹ̀ṣẹ́ná kan ti tó o. Àwa ará Ìpínlẹ̀ Niger kò lè gbàgbé ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2025, nígbà tí táńkà epo kan ṣubú ní oríta Dikko, nítòsí Suleja. Wọ́n ń fi jẹnẹrétọ̀ fa epo inú rẹ̀ sínú ọkọ̀ mìíràn nígbà tí iná sọ. Ẹni tó kú lé ní ọgọ́rin. Ihò ara ọkọ̀ wa kò ṣeé fi wé ìyẹn rárá, ṣùgbọ́n ìwà epo kan náà ni. Yàtọ̀ sí iná, benzene wà nínú epo yìí, ó sì wà lára àwọn ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Kò yẹ kí ọmọdé máa mí in símú lójoojúmọ́ lọ sí iléèwé.

Báwo ni ọkọ̀ ṣe wá di ohun tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ epo? Ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1940 ni ìkùukùu kan tó ń ta ènìyàn lójú àti lọ́fun ti máa ń bo ìlú náà. Arie Haagen-Smit, onímọ̀ kẹ́mísìrì tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Netherlands, tó ń ṣiṣẹ́ ní California Institute of Technology, ló ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ epo tó ń jáde lára ọkọ̀ àti ilé ìfọpo, bí ó bá pàdé èéfín ẹ́ńjìnnì, ni oòrùn ń sọ di ìkùukùu náà. Ìpínlẹ̀ California fi òfin de afẹ́fẹ́ tó ń jáde láti inú táǹkì ọkọ̀ tuntun ní ọdún 1970. Gbogbo Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní ọdún 1971. Láti ọdún 1996, òfin ibẹ̀ ní kí kọ̀ǹpútà máa yẹ ọkọ̀ tuntun wò fúnra rẹ̀, wíwá ihò tí afẹ́fẹ́ epo ń gbà jáde sì di ara iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà fi ń tan iná nítorí ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà kan, àwọn mìíràn nítorí ìdajì rẹ̀. Òfin tí wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wá láti Yúróòpù kò béèrè irú àyẹ̀wò yìí. Bí ọkọ̀ yín bá ti Bẹ́ljíọ̀mù wá, iná lè má tàn rárá. Imú yín nìkan ni yóò kìlọ̀ fún yín.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára epo nínú táǹkì ń gba ọ̀pá rọ́bà lọ sínú agolo kan tí èédú kún inú rẹ̀. Èédú yìí yàtọ̀ sí ti ìdáná. Wọ́n ti ṣe é lọ́nà tí ihò wẹ́wẹ́ fi kún ara rẹ̀, ó sì ń gba afẹ́fẹ́ epo mọ́ra bí fóòmù ṣe ń fa omi. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, fáàfù kan tó wà níwájú yóò ṣí, ẹ́ńjìnnì yóò sì fa afẹ́fẹ́ epo náà mu, yóò sì jó o. Fáàfù kejì wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo, láti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, òórùn kò ní jáde, epo tí ẹ fi owó rà kò sì ní fò lọ.

Bí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ mọ̀ bóyá ibì kan lu, ọ̀nà tí ó ń gbà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni pé yóò ti fáàfù ẹ̀yìn, yóò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fa afẹ́fẹ́ inú táǹkì díẹ̀, yóò wá ti fáàfù iwájú pẹ̀lú, yóò sì máa wò ó bóyá ìfà náà yóò dúró. Ọmọdé tó bá fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ inú ìgò mọ ìdánwò yìí: ìgò tó dá ṣáká yóò lẹ̀ mọ́ ètè rẹ̀, èyí tó bá lu kò ní lẹ̀. Bí ó bá kùnà nígbà méjì tẹ̀léra, iná yóò tàn. P0455 ni àmì ihò ńlá, irú èyí tí ìdérí tí a gbàgbé láti dé máa ń fà. P0442 ni ti ihò kékeré. P0456 ni ti èyí tó kéré jù lọ.

Ẹ kíyè sí èyí dáadáa: kọ̀ǹpútà kì í ṣe ìdánwò yìí bí táǹkì bá kún dé ẹnu tàbí bí epo bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, epo gbọ́dọ̀ wà láàárín nǹkan bí ìdá 15 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ ti sùn kí ó tutù. Láti ìgbà tí ìjọba ti kéde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí jálá kan fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà kọjá 500, díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń ra epo. Ìsàlẹ̀ táǹkì ni epo wa máa ń wà láàárín ọ̀sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iná fi ń pẹ́ kí ó tó padà lẹ́yìn tí mẹkáníìkì bá pa á. Kọ̀ǹpútà kò tíì rí àyè yẹ ọkọ̀ wò ni. Àìsàn wà níbẹ̀. Ẹni tó pa iná láìwá ihò kò yàtọ̀ sí ẹni tó fọ́ aago tó ń jí i fún sààrì.

Báwo ni a ó ṣe wá ihò náà? Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí wíwò rẹ̀ kò ná wa ní kọ́bọ̀, kí a sì fi ohun tó ń jẹ owó kẹ́yìn.

Ìdérí táǹkì ni àkọ́kọ́. Ẹ wo rọ́bà tó yí i ká bóyá ó ti sán tàbí ó ti gan. Ẹ nu ẹnu táǹkì mọ́, ẹ wò ó bóyá ó ti dípatà, kí ẹ sì dé ìdérí náà títí yóò fi dún. Ọ̀pọ̀ wa ti gbàgbé ìdérí gidi sí ilé epo, tí a sì ra òmíràn lẹ́bàá títì, èyí tó wọ ẹnu táǹkì ṣùgbọ́n tí kò dí i. Bí ẹ bá tún èyí ṣe, ẹ má retí pé iná yóò kú lójú ẹsẹ̀; ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yege ìdánwò náà ní bí ìgbà mẹ́ta kí ó tó kú fúnra rẹ̀.

Èkejì ni imú àti ojú. Ní òwúrọ̀, kí ẹ tó ṣí ọkọ̀, ẹ rìn yí i ká. Bí òórùn bá wà níwájú, fáàfù iwájú àti ọ̀pá rọ́bà rẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Bí ó bá wà lẹ́yìn, ẹ yẹ táǹkì, agolo èédú àti rọ́bà tó so wọ́n pọ̀ wò. Ẹ wo ibi tí rọ́bà ti sán, ibi tí kílíìpù ti dẹ̀, àti ibi tí eku ti fi eyín kàn. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi wò ó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan àbẹ́là tàbí kí ó ṣáná síbẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i tí epo ń kán tàbí tí ilẹ̀ tutù fún un, ẹ má ṣí ọkọ̀ náà rárá. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, ẹ pa gbogbo iná tó wà nítòsí, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ iṣẹ́ wá bá a níbi tó wà.

Ẹ̀kẹta ni fáàfù iwájú. Mẹkáníìkì lè yọ rọ́bà tó ń ti ọ̀dọ̀ agolo bọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí tí ó sì tutù, kí ó fi ìka dí ẹnu fáàfù náà. Bí ó bá ń fa ìka nígbà tó yẹ kí ó wà ní títì, kò pa dé mọ́ nìyẹn. Àmì mìíràn tó wọ́pọ̀ ni pé ọkọ̀ náà kì í tètè ṣí bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo tán.

Ẹ̀kẹrin ni fáàfù ẹ̀yìn. Abẹ́ ọkọ̀ ló wà, eruku ni ọ̀tá rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹni tó ń gbé ní Minna kò nílò kí a ṣàlàyé eruku fún òun. Bí ó bá wọ inú fáàfù yìí, kò ní jẹ́ kí ó pa dé dáadáa. Nígbà mìíràn, fífọ̀ ọ́ mọ́ ti tó.

Bí gbogbo èyí kò bá fi ohunkóhun hàn, ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ aláfín. Ẹ̀rọ yìí ń fẹ́ èéfín tí kò léwu sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́ epo, pẹ̀lú agbára tí kò ju ìdá kan nínú ọgbọ̀n èyí tó wà nínú táyà lọ. Ibi tí ihò bá wà ni èéfín yóò gbà jáde. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ tí àwọn fọganáísà fi ń fẹ́ táyà ṣe iṣẹ́ yìí. Agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Ó lè ba fáàfù àti sẹ́ńsọ̀ jẹ́, ó sì lè fa táǹkì ya.

Nígbà tí mo tẹ̀ lé ìlànà yìí ni ojú tì mí. Mo ra ìdérí tó bá ọkọ̀ mu. Ìdérí kọ́ ni, iná tún tàn. Mo wá fi imú rìn yí ọkọ̀ ká, ẹ̀yìn ni òórùn wà. Bẹ́ẹ̀ iwájú ni fáàfù tí mo fi owó gọbọi rà wà! Ẹnì kan júwe ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ ríwáyà kan tó ní ẹ̀rọ aláfín fún mi. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí ó fi so ẹ̀rọ náà mọ́ ọkọ̀ tí fọ́nrán èéfín kan, tín-ín-rín bí òwú, fi yọ láti orí rọ́bà kan tó wọ inú agolo èédú. Ẹ̀gbẹ́ òkè rọ́bà náà ló ti sán, níbi tí ojú kò lè dé láti ìsàlẹ̀. Ó gé e kúrò, ó fi irú rọ́bà tí wọ́n ṣe fún epo rọ́pò rẹ̀, ó sì fi kílíìpù méjì dè é. Owó tó gbà kò tó ìdá kan nínú ogún ohun tí mo ti ná.

Bí ó ṣe ń da irinṣẹ́ rẹ̀ jọ, ó fọwọ́ gbé agolo èédú náà wò, ó ní ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wá bi mí pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń kún táǹkì dé ẹnu ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ti ń sọ pé epo fẹ́ wọ́n, tàbí tí a bá ń lọ sí Ìlọrin, mo máa ń ní kí ẹni tó ń ta epo má dúró bí ẹ̀rọ bá ti já. Mo máa ń mi ọkọ̀ kí àyè lè wà sí i. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ṣàlàyé fún mi pé epo tí kò rí àyè mọ́ nínú táǹkì ni ó ń ṣàn lọ sínú agolo tí wọ́n ṣe fún afẹ́fẹ́ nìkan. Epo náà ń ba èédú jẹ́, ó sì ń rẹ rọ́bà tí kò yẹ kí epo fúnra rẹ̀ kàn. Ó ní kí n má tíì ra agolo, kí n kọ́kọ́ fi ìwà yẹn sílẹ̀ ná. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi. Bí ẹ̀rọ ilé epo bá ti já lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí n kò bá ní owó agolo, òun lè yọ ọ́ dànù kí òun sì dí ẹnu ọ̀pá rẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ wọn sì ń rìn. Òótọ́ ni pé yóò rìn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú táǹkì gbọ́dọ̀ wá ibì kan gbà. Bí wọ́n bá dí i, yóò há sínú táǹkì. Bí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀, inú ọgbà wa ni yóò máa fẹ́ sí lóru. Ẹ má gbà fún wọn.

Síbẹ̀ n kò pe ọkùnrin náà ní olè. Kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi rí ihò, ó sì ń méfò. Amáánà ni ọkọ̀ oníbàárà jẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́; ṣùgbọ́n oníbàárà náà ní ìbéèrè tó yẹ kí ó bi í: "Kí lo rí tí o fi ní kí n ra èyí?" Èmi kò béèrè. Mo padà lọ fi rọ́bà tó sán náà hàn án. Ó yí i sókè sódò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí pé níbo ni ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn wà, bóyá òun lè máa yá ẹ̀rọ rẹ̀ lò. Mo júwe ibẹ̀ fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a tún ọkọ̀ ṣe, ìyá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fa imú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ṣáná. Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ tilẹ̀ ti dá, a kì í gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn mọ́. Ẹ̀bá géètì ló ń sùn báyìí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa, tó sì jìnnà sí iná àti jẹnẹrétọ̀. Àwọn ọmọ kùn díẹ̀ pé ó gba ibi tí àwọn ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, bí iná kékeré yẹn bá tàn nínú ọkọ̀ yín, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá sì sọ pé òun ń gbọ́ òórùn epo, ìbáà ṣe ọmọdé, ẹ dìde kí ẹ lọ wò ó. Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ ilé wa, kí Ó sì máa mú wa lọ mú wa bọ̀.